Ọjọ́ Tí A Ṣí Fìlà Lórí Ìjàpá Bàbá Mi

Èmi kì í ṣe onísùúrù, kò sì sí ẹni tí mo kọ́ níwèé n'Íkìrun tí kò mọ̀. Ọdún gbọgbọrọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa ẹ́ńjìnnì mọ́tò, orí pátákó nìkan ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún sì wà. Màá fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya písítìn, màá fi pupa ya ibi tí iná ti ń ṣẹ́, màá wá gbá pátákó gbàmù pé, "Ó ti ṣiṣẹ́!" Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Kí ló ṣiṣẹ́? Kò sí nǹkan kan tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fún mi ní aago ara ògiri, tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi to ẹ́ńjìnnì tó máa pariwo.

Mọ́tò bàbá mi wà ní Inísà, lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ igi máńgòrò. Mọ́tò kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto yẹn ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Látìgbà tí bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò níbẹ̀. Adìyẹ màmá mi ló ń yé sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka máńgòrò já lu òrùlé rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọnú wàì. Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ní ká pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e. Mo ní, "Gbé kí ni? Ìwọ gan-an ni kí wọ́n wá gbé!"

Mo ti rí irú mọ́tò tí mo fẹ́ lórí fóònù. Àwọn òyìnbó kan máa ń mú mọ́tò àtijọ́, wọ́n á gé òrùlé rẹ̀ sọ nù, wọ́n á ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á ki táyà ńlá sí i lẹ́yìn, wọ́n á wá máa fi sáré kiri, ẹ̀rín á gba ẹnu wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ń lọ síbì kan o. Ìgbádùn lásán ni. Mo wò ó, mo tún un wò. Mo ní ṣé àwọn nìkan ni ayé wà fún ni?

Màmá mi ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Bí mo ṣe sọ pé màá gé òrùlé náà, wọ́n dìde fùú lórí àpótí.

"O fẹ́ ṣí fìlà lórí ọkọ mi?"

"Màmá, mọ́tò ni."

"Mọ́tò ta ni? Ìgbà wo lo rí bàbá rẹ kó jáde láì dé nǹkan sórí?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fìlà máa ń wà lórí bàbá mi tí wọ́n bá fẹ́ lọ já ata lẹ́yìnkùlé pàápàá. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú màmá ò gbẹ̀rín. Wọ́n ní mo lè gbé e lọ, òun ò lè bá mi jà, ṣùgbọ́n òun ò ní fojú òun kan irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó dùn mí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tètè ń bí nínú bíi tèmi, ọ̀rọ̀ tètè máa ń dun òun náà.

Mo fa ìjàpá lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan n'Íkìrun, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Adìyẹ kan ṣì ń sàba lórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tí a fẹ́ fà á; ó ṣá mi lọ́wọ́ jẹ kó tó gbà láti sọ̀kalẹ̀. A gé òrùlé kúrò, a sì jó irin gbọọrọ mọ́ ìsàlẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, nítorí tí mọ́tò kò bá lórí mọ́, àárín rẹ̀ lè tẹ̀. A yọ àwọn ilẹ̀kùn, a jó ojú wọn pa díẹ̀, a fi ibi tí ẹsẹ̀ á gbà wọlé sílẹ̀. Gíláàsì iwájú nìkan ló kù. Wẹ́dà bi mí pé, "Ìyá Tíṣà, tí òjò bá dé ńkọ́?" Mo ní, "Màá tutù. Ṣé iyọ̀ ni mí ni?"

Ẹ́ńjìnnì, èmi nìkan ni mo tú u, lórí ẹní, lójú oòrùn. Písítìn ti lẹ̀ mọ́ inú ihò. Mo fi epo kẹrosíìnì rẹ ẹ́, mo ń lù ú díẹ̀díẹ̀, mò ń bú u, mò ń bẹ̀ ẹ́. Mo fi kábúrétọ̀ méjì sí i dípò ẹyọ kan, kó lè máa mu epo dáadáa kó sì lágbára. Sílẹ́ńsà rẹ̀ tí èéfín ń gbà jáde, mo gé e kúrú, mo kọ ojú rẹ̀ sókè. Mo kùn ún ní pupa bí ata rodo. Èékánná mi dúdú títí dé ìdí, inú mi sì dùn débi pé mò ń kọrin nínú báluwẹ̀.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣáná sí i, kò dáhùn. A tún ṣáná sí i, ó húkọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yìnbọn gbòlà! Ewúrẹ́ àdúgbò fọ́n ká, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nítòsí dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Mo gbá pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbàmù. "Ó ti ṣiṣẹ́!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, mo sì sunkún níwájú gbogbo wọn, ojú ò tì mí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń lọ ní Inísà tí kò jẹ́ kí ayọ̀ yẹn kún. Òkukù ni wọ́n bí màmá mi sí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Màmá àgbà là ń pè wọ́n. Inísà sí Òkukù ò jìnnà. Èèyàn á dé ibẹ̀ kí ẹ̀bà tó tutù. Àmọ́ màmá mi àti mọ́tò kì í ṣe ọ̀rẹ́. Tí wọ́n bá ti jókòó sínú ọkọ̀, tí òórùn epo kan wọ́n nímú, òòyì á kọ́ wọn, èébì á dé. Bàbá mi kì í gbé wọn jáde láì fi abọ́ ike sí ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ló ń le sí i. Ìgbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn, wọ́n dákú sínú rẹ̀, àwọn èèyàn ló gbé wọn padà wálé. A gbìyànjú kẹ̀kẹ́ Márúwá, èéfín rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n kúrò ládùúgbò. Ọ̀kadà ti ṣẹ́ wọn lápá rí, àwa ọmọ la sì fòfin dè é. Ní ti màmá àgbà, orúnkún ti dá wọn jókòó. Wọn ò lè kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn.

Orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti wá ń kíra wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí màmá mi, ìpè wọlé, mo sì ń gbọ́ ohùn màmá àgbà ketekete.

"Àbúrò mi, ojú mi ń lọ o. Tí mo bá wà nínú ilé, òjìji lásán ni mò ń rí. Inú oòrùn nìkan ni mo ṣì ti ń dá èèyàn mọ̀. Dókítà ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Wá kí n rí ọ, kó tó di pé ohùn rẹ nìkan ló máa kù fún mi."

Màmá mi ní òun ń bọ̀. Wọ́n pa fóònù, wọ́n fi ìborùn bojú, wọ́n sunkún. Mo ní ká háyà ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ní òun ti wọ irú rẹ̀ rí, àwọn tó gbé òun ló fọ ọkọ̀ náà. Inú ń bí mi sí gbogbo nǹkan, títí kan ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ká sòótọ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun tí mò ń tò n'Íkìrun kan ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tó yá, mo wa ìjàpá wá sí Inísà láti fi í han àbúrò bàbá mi kan. Àwọn ọlọ́kadà ń pariwo tẹ̀lé mi: "Ìyá Tíṣà, òrùlé yín dà?" Mo ní ó gba ìsinmi. Màmá mi gbọ́ ariwo, wọ́n jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti ń retí èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n rìn yí mọ́tò náà ká, wọ́n fi ọwọ́ kan ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀.

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí, màmá."

"Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Èéfín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ló ń gbà lọ, sókè."

Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Gbé mi dé ìdí ọjà." Mo gbé wọn lọ, mo gbé wọn bọ̀, mò ń fẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n. Atẹ́gùn ń gbá wọn lójú, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń mu ún. Kò sí òòyì, kò sí èébì. A dé iwájú ilé, wọn ò sọ̀kalẹ̀. "Tún mi gbé," ni wọ́n wí. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ọkọ̀ tí atẹ́gùn ti ń gbé òórùn epo lọ ni wọ́n ń fẹ́ látọjọ́ yìí. Mo ní, "Màmá, lọ́la, Òkukù."

Àbúrò mi gbọ́, ó sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní a ò lè gbé màmá jáde láì gbàdúrà sí mọ́tò. Ìyẹn dáa, èmi náà fẹ́ àdúrà. Àfi bó ṣe yọ ìgò òróró ìyàsímímọ́ jáde, tó bọ́ sẹ́yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì wà láìní ìdérí, tó ní ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìhòòhò nílò ààbò ju èyí tó wọṣọ lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Ó dà á sí ọ̀tún, ó dà á sí òsì, ó ń juwọ́, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Mo la ẹnu kí n pariwo, màmá mi bá ranjú mọ́ mi láti iwájú: "Ṣe àmín!" Ta ló máa dá àdúrà ìrìn àjò ìyá rẹ̀ dúró? Mo fún eyín pọ̀, mo ṣe àmín. Ó da ìgò yẹn tán pátápátá.

A gbéra. Màmá mi gbé abọ́ ike sórí ẹsẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi tí wọn á fi fọ ẹnu tí èébì bá dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì di ọṣẹ dúdú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè fún màmá àgbà sínú ewé. Wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, "Ẹ kú iṣẹ́ o!", títí kan àwọn màlúù. Mi ò tíì rí màmá mi kí ìrìn àjò dùn mọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi ń dùn pẹ̀lú wọn, mo sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀!" Wọ́n fi ọwọ́ kan di gèlè mú. "Àní tẹ̀ ẹ́."

A ti lọ jìnnà kúrò ní Inísà nígbà tí iná pupa tó máa ń kìlọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì tàn níwájú mi. Mo dúró, mo sáré lọ sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá fi ń tutù, bẹ́líìtì kan ló sì ń yí fáànù tó ń fẹ́ ẹ. Òróró àbúrò mi ti bo bẹ́líìtì náà. Ó kàn ń yọ̀ lórí irin, fáànù ò yí dáadáa mọ́. Tí mo bá wà á lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á jó.

"Ọlọ́run á bi ọmọ yẹn!" ni mo pariwo.

"Ṣé a máa padà ni?" Ohùn màmá mi ti yí padà. "Òótọ́ lẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn mi nìkan ló máa kù fún wọn."

Mo fi sípánà tú bẹ́líìtì, mo fi aṣọ nù ún, ó ṣì ń yọ̀ bí ilá. Mo ní, "Màmá, omi ni mo nílò, àti ọṣẹ." A wo kẹ́ẹ̀gì, a tún wo ewé orí ẹsẹ̀ wọn. Màmá mi tú ewé náà, wọ́n bu ọṣẹ rẹpẹtẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi á gbà á bẹ́ẹ̀." Wọ́n da omi sínú abọ́ ike, wọ́n gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ mi, wọ́n sì jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ ọmọ. Èmi fọ irin tó ń yí i. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, "Màmá, ẹ kú aṣọ fífọ̀ o. Kí lẹ̀ ń fọ̀ gan-an?" Màmá mi ní, "Àdúrà ni." A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Nígbà tí bẹ́líìtì gbẹ, tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo dè é padà, mo ṣáná sí i. Iná pupa kú.

Oòrùn wà lókè gan-an nígbà tí a wọ Òkukù. Màmá àgbà wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bi àwọn ará ilé pé ta ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Mo wà á wọ àgbàlá, mo dúró síwájú wọn gan-an, mo pa á. Màmá mi jókòó nínú rẹ̀, láàárín oòrùn, kò sí nǹkan kan tó ṣíji bò wọ́n. Wọ́n di gíláàsì iwájú mú. Màmá àgbà fi ọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n wò, wọ́n wò, ó pẹ́ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

"Háà! Àbúrò mi. Ta ló ní kí o darúgbó?"

Màmá mi bú sẹ́kún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Màmá àgbà na ọwọ́, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n ń rí sókè: gèlè náà, ilà ojú náà, eyín iwájú tó ti yọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tẹjú mọ́ mọ́tò, wọ́n sì dá a mọ̀.

"Ṣebí mọ́tò ọkọ rẹ rèé? Fìlà rẹ̀ dà?"

Màmá mi fi ìborùn nu ojú, wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ lè rí mi."