Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

Nígbà tí àkọ́bí mi kú nílé ìgbẹ̀bí ní Kùtọnu, tí èmi sì yè, ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó wá kí mi ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Bí a ṣe ń tu ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lójú ìkúnlẹ̀ nínú nìyẹn, èmi náà ti sọ ọ́ fún ẹlòmíì rí. Ṣùgbọ́n omi tèmi ní ojú. Imú ìyá mi ló gbé wáyé. Títí di òní, bí omi bá dà sílẹ̀ nílé, àyà mi á já.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, à ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lẹ́yìn ìsìn ní ìjọ wa ní Gbégamey, a dé ibi àgbò tí Ọlọ́run fi rọ́pò Ísáákì. Tíṣà kan láàárín wa ní òun ò gbà pé Ọlọ́run gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kó tó dárí jini. Ó ní ìfẹ́ ló gbé Jésù dórí igi. Díákónì àgbà fò dìde.

"Háà! Bẹ́nì kan ò bá jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ dípò wa, àwa la máa jẹ ẹ́!" Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, àánú mi ń ṣe é. "Ẹ wo arábìnrin wa yìí. Ọmọ yẹn ni àgbò tirẹ̀."

Mo kọjú sí i. "Bàbá, ẹ má bínú o, irú baba wo nìyẹn? Ọlọ́run tèmi kì í gba pààrọ̀!"

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ìyá mi, tó jókòó tì mí, ń wo ilẹ̀.

Nígbà tá a délé ní Agblangandan, ó ń bó iṣu. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Kí lẹ sọ, Màmá?"

"Lọ́jọ́ tí ò ń rọbí, dókítà ní ẹ̀yin méjèèjì lè má yè. Mo kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀. Mo ní, Olúwa, bó bá jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, mú ọmọ-ọmọ mi, fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi." Ó wojú mi. "Ìwọ lo kàwé. Ṣé ó gbà á ni, àbí kò gbà á?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kì í gba pààrọ̀, Màmá. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni."

Ó sunkún títí, ó fi etí ìró nu ojú. Mo rò pé ó ti tán. Ó tún mú ọ̀bẹ rẹ̀.

"Ó dáa. Bí kì í bá gba pààrọ̀, ta ló wá kú fún èmi?"