Kúbúrátù San Owó Iná Rẹ̀, Òkùnkùn Ló Pa Á

Kúbúrátù Adélékè, ìyá Ikhlas, kú ní ọjọ́ Ẹtì ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ga kọjá ààlà, wọn ò sì parọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Àwọn tó wá kí ọkọ rẹ̀ ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ibi ìjà. Ọ̀fọ̀ ti kúrò nílẹ̀ báyìí. Ọlọ́run kọ́ ló yọ fíùsì tiransifọ́mà àdúgbò wa.

Ojúkojú ni ilé wa wà, ní ọ̀nà tó lọ sí Ìjagun. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba, títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Síkírù ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Ikhlas, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Èmi tí mo dàgbà jù wọ́n lọ, tí mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí owó gáàsì ṣì máa ń kó àyà mi sókè kí sílíńdà tó dé ìdajì, ọ̀dọ̀ Kúbúrátù ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́wó ná. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Bàbá Moṣọpẹ́, ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ló léwu jù. Owó oṣù ti dúró, ọwọ́ ò tíì gbọ́."

Òun jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ tètè gbọ́. Ó fọ agolo mílíìkì mẹ́rin, ó tò wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù: ti oúnjẹ, ti oògùn, ti iná, ti sàráà. Bí owó ìfẹ̀yìntì àwọn méjèèjì bá ti wọlé, á pín in sínú agolo lójú ọkọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Síkírù na ọrùn wo orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kúbúrà, mi ò rí agolo tèmi."

"Ẹ wò ó dáadáa, ẹ wà nínú ti oúnjẹ."

"Owó ìwé ìròyìn mi ńkọ́? Obì mi ńkọ́?"

"Bàbá Moṣọpẹ́ ń ra ìwé ìròyìn. Ẹ máa lọ kà á lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá sì ti débẹ̀, wọ́n á fi obì lọ̀ yín."

Síkírù yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí obìnrin tí mo fẹ́? Ó ti fi mí ta yín lọ́rẹ."

"Mi ò fi yín ta wọ́n lọ́rẹ," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Mo kàn fi yín yá wọn ni. Tó bá di àsìkò oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n dá yín padà."

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí ojú ò fi pọ́n ẹnikẹ́ni nílé náà. Ayépé ló ti ń lọ ra gaàrí lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án. Ó gbin ewùrà sẹ́yìn ilé kí ìkọ́kọrẹ́ má baà wọ́n wọn. Ohun gbogbo ló ṣeé dínkù lójú rẹ̀, àfi agolo oògùn. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra tipẹ́. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló ń fún ara rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, oògùn náà ò sì gbọdọ̀ kúrò nínú fìríìjì.

Agolo iná ni wàhálà. Wọn ò ní mítà. Ẹnìkan ló ń jókòó sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná, tó ń fojú bu iye tí wọ́n máa san. Gílóòbù, fáànù kan àti fìríìjì kékeré ni gbogbo ohun tó ń lo iná níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pàápàá, ẹsẹ̀ ló fi ń wà á. Bíìlì tó ń dé sí wọn jọ ti ilé ìtura. Ó béèrè mítà, wọ́n ní kó máa retí. Ó ń retí. Agolo iná ń kún, agolo oúnjẹ ń gbẹ. Ẹran di ẹja, ẹja di edé, edé di ìyẹn-náà-ti-tó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má san án mọ́, bí àwọn mìíràn ò ṣe san. Ó ní gbèsè ò gbọdọ̀ wọ ilé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí pé kò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ń gba àwọn arúgbó nímọ̀ràn lórí rédíò pé kí wọ́n fètò sí ìnáwó: báwo lèèyàn ṣe ń fètò sí iye tí ẹlòmíràn ń hu jáde láti inú orí rẹ̀?

Ẹ tún jẹ́ kí n béèrè èyí. Ta ló ra tiransifọ́mà náà? Àwa ni. Ojúlé dé ojúlé la dá owó rẹ̀, Kúbúrátù sì wà lára àwọn tó kiri gbà á. Bí wọ́n ṣe gbé e kọ́ tán báyìí, iléeṣẹ́ iná rán ọmọ iṣẹ́ wá, ó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lára, ó di tiwọn.

Ní oṣù Kejì, nígbà tí ooru ń bó èèyàn lára, wọ́n gbé àkàbà dé. Wọ́n ní àdúgbò wa jẹ gbèsè. Wọ́n yọ fíùsì, wọ́n gbé e lọ, gbogbo wa sì wà lókùnkùn, ẹni tó san àti ẹni tí kò san. Kúbúrátù kó rìsíìtì rẹ̀ jọ, èmi àti Síkírù sì tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn ni ọ̀gá ibẹ̀. Fáànù ń fẹ́ sí wa lára nígbà tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, mo ti san tèmi."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ṣe dáadáa. Àmọ́ tiransifọ́mà là ń pa, a kì í pa ilé kọ̀ọ̀kan."

"Oògùn tí mo fi ń gbé ẹ̀mí ró wà nínú fìríìjì."

"Ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò yín sọ̀rọ̀. Àwọn ló pa iná yín, kì í ṣe àwa."

Síkírù ní, "Ṣé àwọn aládùúgbò ló gbé fíùsì lọ ni?"

Bọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ o."

Ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Oníkẹ́mísì tó ń ta oògùn fún un ní kó máa fi yìnyín tọ́jú rẹ̀ sínú fíláàsì, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ di alẹ́, kò lè bá a tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀. Báyìí ni yìnyín ṣe di ìnáwó tuntun nínú ilé tí kò ní agolo tó ṣẹ́ kù. Ọ̀kadà ni Síkírù ń gùn lọ rà á. Nígbà tó yá, àwọn tó ń tà á náà ò rí iná dì í mọ́. Yìnyín yọ́, oògùn tó máa ń mọ́ gaara ṣú bí omi ìrẹsì. Mo rí i. Mo ní kó dà á nù.

"Bàbá Moṣọpẹ́, ti oṣù yìí nìyẹn. Tí mo bá dà á nù, kí ni n ó fi ra òmíràn?"

Síkírù ní kó mú owó inú agolo iná.

"Tí mo bá mú un, tí bíìlì dé, tí n ò rí i san, èmi náà á wà lára àwọn tó jẹ gbèsè. Wọ́n á ní èmi ni mo pa iná àdúgbò."

Ó tọ́jú owó iná tí kò sí. Ó ń fún ara rẹ̀ ní oògùn tó ti bàjẹ́. A ránṣẹ́ sí Ikhlas, kò tíì dé láti Ìbàdàn tí ìyá rẹ̀ fi ṣubú nílé ìdáná.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ahun ló pa á, pé Ìjẹ̀bú ni, owó ló fẹ́ràn ju ẹ̀mí lọ. N kò ní kí onítọ̀hún mọ́. Ṣé ahun ni ẹni tó san gbèsè tí kò jẹ? Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn ni Kúbúrátù gbà gbọ́. Ọ̀gá sọ fún un pé ẹni tí kò bá sanwó ló ń pa aládùúgbò rẹ̀, ó sì kọ̀ láti jẹ́ apànìyàn.

Ọjọ́ tí a ń ṣe fìdáù rẹ̀ ni wọ́n dá iná padà. Fáànù pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí lórí wa bí àáfà ti ń ṣe wáàsí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni bíìlì dé, orúkọ Kúbúrátù ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì ka gbogbo àsìkò tí a fi wà lókùnkùn mọ́ ọn. Síkírù gbé agolo iná wá bá mi, owó inú rẹ̀ pé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n san án? Kò fẹ́ gbèsè." Mo ní kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀.

Wàyí o, mo gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn ń múra àtifẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Ìwé ìpè ìdúpẹ́ rẹ̀ ti ń kiri ìlú, ọ̀kan tilẹ̀ dé ọwọ́ mi. Mi ò gbàdúrà kó kú. Kó pẹ́ láyé. Kí Ọlọ́run fún un ní ilé tí kò ní mítà, ní àdúgbò tí àwọn mìíràn ti jẹ gbèsè, kí oògùn rẹ̀ sì wà nínú fìríìjì.

Ṣùgbọ́n àdúrà ò tó mi. Mo fẹ́ kí àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ iná pe ọkùnrin yìí kó wá búra, kó wá sọ òfin tó fi pa iná ẹni tó ti sanwó. Mo fẹ́ kí iléeṣẹ́ rẹ̀ fa bíìlì olóògbé ya níṣojú Síkírù, kí wọ́n sì sọ fún Ikhlas lójúkojú pé àwọn jẹ̀bi. Kí Bọ́dúnrìn tó jókòó gba ẹ̀bùn ìdágbére, kó kọ́kọ́ dúró dáhùn. Wọn ò gbọdọ̀ lu ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóǹtẹ̀ kó tó dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá lù ú lóǹtẹ̀, ìlú yóò mọ orúkọ onítọ̀hún pẹ̀lú, nítorí pé ọwọ́ tó lù ú àti ọwọ́ tó yọ fíùsì, ọwọ́ kan náà ni.