Síkẹ́ẹ̀tì Tí Beatrice Rán Nínú Ọyẹ́

Oṣù tí igi àràbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì máa ń la èso rẹ̀ ni Beatrice bẹ̀rẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó bá mọ Ìlúpéjú lásìkò yẹn mọ bó ṣe máa ń rí. Òwú funfun á máa fò kiri nínú afẹ́fẹ́, á bà lórí páànù, á bà lórí gèlè, á gun ọ̀kadà lọ sí ìlú Ọ̀yẹ́ láìsanwó. Ṣùgbọ́n lójú Beatrice, òwú ọdún yìí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ayé dà bí ohun tí èèyàn ń wò láti inú àlá: ilé tó dojú kọ ìsọ̀ rẹ̀ kò ní igun mọ́, àwọn tó ń kọjá kò ní ojú, ohùn nìkan ni wọ́n ní.

"Ọyẹ́ ni," ló máa ń wí. "Ọyẹ́ ọdún yìí le."

Bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní gbogbo Èkìtì, inú ojú Beatrice nìkan ni kò tíì jáde kúrò.

Opó ni, aránṣọ ni, ó sì mọ Ọlọ́run. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Inúmidùn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ti ríṣẹ́ sí Kánádà, lẹ́yìn Àjíǹde ló sì máa lọ. Nígbà kan tí ibà dá Beatrice dùbúlẹ̀, ọmọ yìí ti fẹ́ pa ìrìnàjò náà tì. "Màámi, bí ara yín ò bá yá, mi ò lọ síbì kankan." Nítorí náà, nígbà tí Beatrice rí i pé ojú òun ń ṣú, Ọlọ́run nìkan ló sọ fún, torí Ọlọ́run kì í ṣòfófó. Bí Inúmidùn bá pe fóònù tó ní òun fẹ́ rí ojú ìyá òun, Beatrice á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ ṣe: kó rán síkẹ́ẹ̀tì tí òtútù ò ní lè là kọjá, kí ọmọ náà sì máa lọ ní àlàáfíà, láìbojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìdó ti kìlọ̀ fún un láti kékeré: kí o tó gé ankárá, wá ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀. Ibi tó bá ti ṣeé kà ni ojú aṣọ, ibi tó bá ti yí padà bí ìwé inú dígí, ẹ̀yìn ni. Lọ́tẹ̀ yìí Beatrice wá ìwé etí aṣọ títí, kò rí i. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó gbàdúrà, ó gé e.

Ankárá aláwọ̀ ewé ló wà lókè, kíjìpá tí ìyá rẹ̀ hun ló wà nísàlẹ̀, òwú àràbà ló tẹ́ sáàárín wọn. Òwú àràbà kì í gbọ́ràn. Bí èèyàn kò bá fi ìlà abẹ́rẹ́ há a mọ́ ojú kan, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sí ìṣẹ́tí, ìdí á tutù, ẹsẹ̀ á sì dà bí ti erin. Ọwọ́ ló fi ń rán an, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, bí ẹni tó ń kọ ebè. Ìka rẹ̀ ló ń bá a ríran. Nígbà mìíràn á gbọ́ ìró òfì ìyá rẹ̀, gbọ̀n, gbọ̀n, láti ẹ̀yìn ilé tó ti wó tipẹ́, á sì rọra máa rán tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ìka kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Lánípẹ̀kun ọlọ́kadà, tó máa ń dúró de èrò níwájú ìsọ̀, ló ń bá a ṣe é.

"Màmá, mo mà ṣẹ̀ṣẹ̀ ki òmíràn ni! Àbí ẹ ń jẹ òwú ni?"

"Bíbélì ní ràkúnmí á tètè gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá ju ọlọ́rọ̀ lọ. Ìwọ kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ki òwú, jàre."

Lánípẹ̀kun rẹ́rìn-ín. Ó ki òwú náà, ó sì wo ojú Beatrice. "Màmá, ojú yín ńkọ́?"

"Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́? Nínú oòrùn tó ń bó mi láwọ yìí?"

Beatrice gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìrépé aṣọ ló ń fi ṣe òdòdó sí ìṣẹ́tí. Á gé e róbótó, á ṣẹ́ etí rẹ̀ wọnú, á fa òwú, aṣọ náà á ká jọ bí ẹnu ọmọ tó ń wá ọmú. Á wá kan ìlẹ̀kẹ̀ kan sáàárín.

Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ni Inúmidùn dé. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì náà nínú ìsọ̀, ó fọwọ́ pa abala iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀.

"Kò wọ̀ ọ́ ni?" ni Beatrice béèrè.

"Ó wọ̀ mí. Màámi, ẹ wò mí."

"Mò ń wò ọ́."

"Ògiri lẹ̀ ń wò."

Ni nọ́ọ̀sì bá tan iná fóònù rẹ̀, ó gbé ìpéǹpéjú ìyá rẹ̀ sókè, ó rí awọ funfun tó bo ẹyinjú náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mi ò lọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Beatrice ti ń sá fún láti ìgbà tí àràbà ti là nìyẹn. "O ò lọ? Kí n máa sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé awọ ojú mi ni mo fi so ọ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́? Wàá lọ! Bí ilé ìwòsàn ni wàhálà yẹn, màá lọ síbẹ̀."

"Màmá, èmi ni n ó gbé yín dé ilé ìwòsàn Ìdó," ni Lánípẹ̀kun wí láti ìta.

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ọyẹ́ ni."

Inúmidùn kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn: kí ìyá lọ ṣe ojú rẹ̀, kí ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde ni wọ́n bá Beatrice ká awọ ojú kan kúrò ní Ìdó, wọ́n ní àwọn á ká ti ojú kejì tó bá yá. Inúmidùn dúró títí wọ́n fi tú báńdéèjì, kó tó gbéra.

Nígbà tó pe ìyá rẹ̀ láti Kánádà, Beatrice kò bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Ó gbé fóònù náà síwájú ara rẹ̀. Inúmidùn dúró lójú títì, yìnyín ń fò yí i ká bí òwú àràbà gan-an, àwọn ilé ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní igun. Beatrice dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Lẹ́yìn náà ló wá wo síkẹ́ẹ̀tì.

"Yéè! Inúmidùn! Abala iwájú yẹn ti ṣì, ẹ̀yìn aṣọ ni mo kọ síta!"

"Mo ti mọ̀ láti Sátidé ọjọ́ yẹn, Màámi. Wọ́n ní ó rẹwà níbí."

"Wọ́n ń tàn ọ́ ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u o. Gbé e bọ̀ wá ilé, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, ọwọ́ mi ni yóò tún un ṣe."

"Ó dáa, mà. Nígbà wo ni kí n gbé e wá?"

Beatrice gbójú sókè wo igi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti wọ ewé, ó sì rí ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Nígbà tí àràbà bá tún là."