Ọjọ́ Tí Mo Kọ́ Òwú Ríràn ní Ọ̀fin

Bí mo dàgbà tí mo darúgbó, ọjọ́ Sátidé tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, mú mi lọ síbi ọdún òwú àti aṣọ híhun ní Ọ̀fin, Ṣàgámù, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Abẹ́ àtíbàbà ni àwọn arúgbó ti ń ran òwú. Ìyá Àgbà jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n fi ìrànwú lé mi lọ́wọ́. Òwú mi ń já ṣáá.

"Bó bá já, so ó pọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ń ran òwú kì í wo ibòmíràn. O ò gbọdọ̀ gbójú sókè títí ìrànwú á fi kún."

Mo gbọ́ràn. Nígbà tó yá, òwú ò já mọ́. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ wò ó!" Orí wọn rọra sùn lé mi léjìká. Mo ṣe bí oorun ni. Mo ṣì ń ràn án lọ nígbà tí obìnrin tó wà nítòsí wa figbe ta: "Yéè! Ìyá yìí ti lọ!"

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé Ìyá Àgbà wálé, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n. Mo bẹ Ààfáà tó wá sin wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi òwú mi so aṣọ náà níbi ẹsẹ̀.

Bàbá mi ní, "Òwú yẹn ò lágbára."

Ààfáà ní, "Ẹ jẹ́ ó so ó."

Mo so ó. Ó já. Mo so ó pọ̀.