Ìgbà Tí Àwọn Bàbá Ń Yáná Lọ́dọ̀ Ẹja

Ọyẹ́ ọdún yẹn ya gbogbo wa lẹ́nu ní Ọ̀tà. Ó tutù débi pé níléeṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ní Sàngó, a ń du ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ̀rá, ibi tí a máa ń sá fún nítorí ooru.

Bàbá ọkọ mi ń sin ẹja àrọ̀ nínú pọ́ǹdù tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ sẹ́yìn ilé wa ní Ìjù. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bí ọmọ kíláàsì ni wọ́n sì ṣe ń bá ẹja wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ dé, wọ́n da oúnjẹ sómi, oúnjẹ léfòó, ẹja kankan ò yọjú.

"Ìyàwó," Bàbá pè mí, "ara àwọn ọmọ yìí ò yá."

Wọ́n ní kí n mú tẹmómítà tí a fi ń wo ibà àwọn ọmọ wá. Mo kúnlẹ̀ létí pọ́ǹdù, mo tì í bọ omi. Ó dún pín-ín, àmọ́ kò rí nǹkan kan kà. Bàbá ní kí n sáré pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé lójúlé kejì.

Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá kó tó bi mí pé, "Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Àwọn ẹja ni, mà."

Mo rò pé yóò bú mi ni.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n á tó ọ̀ọ́dúnrún."

"Ha! Èmi nìkan ò lè dá wọn wò," ó wí. Síbẹ̀ ó tẹ̀ lé mi, ó bojú wo omi, ó ní kí a fi nǹkan bò wọ́n, kí wọ́n sì sinmi. Ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ ẹja fún wa ní Àtàn sọ ohun kan náà lórí fóònù. Ó ní kí a dín oúnjẹ wọn kù, kí a sì máa fa omi bọọ̀hóòlù sí i láàárọ̀, torí omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀rá tó bàjẹ́.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Búláńkẹ́ẹ̀tì ẹja ni, sà."

Ohun tó kọ sínú ìwé tí mo fi jáde nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n bá òun kí wọn.

Ọkọ mi tẹ ọparun sórí pọ́ǹdù bí àtíbàbà, a ta ọ̀rá bò ó. Nígbà tí oòrùn yóò fi gun òkè, inú rẹ̀ ti móoru. Bàbá wọlé lọ wo ẹja, wọn ò jáde mọ́. Wọ́n ní kí n gbé àga wá sétí omi lábẹ́ ọ̀rá. Ìbàdí tí ọyẹ́ ti dì mọ́ wọn lára, ó ti ń tú.

Wọ́n lọ sọ fún ẹnì kan ní mọ́sálásí. Ìgbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, bàbá mẹ́rin ló jókòó nínú ọ̀rá, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn wọn.

"Ìyàwó, bá wa ti ilẹ̀kùn!" ọ̀kan pariwo mọ́ mi. "Ọyẹ́ ń wọlé!"

Etí ọ̀rá ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀kùn. Mo tì í.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì náà ń wá wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ jàbú. Bàbá kan ti tòògbé ṣubú sínú omi. Ọkọ mi sáré fà á sókè, omi ń kán lára rẹ̀ tótó.

Bàbá ọkọ mi ò bi í bóyá ó fara pa. "Ṣé ó tutù?" ni wọ́n bi í.

"Rárá o," ọkùnrin náà dáhùn, ó ń nu ojú. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹja kan tiẹ̀ jẹ ìka ẹsẹ̀ mi."

"Wọ́n ti ń jẹun!" Bàbá fò sókè bí ọmọdé. Kíá, wọ́n bu oúnjẹ dà sómi, àwọn ẹja sì ya bò ó.

Ẹja mọ́kànlá ló kú nínú ọyẹ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn padà, ọkọ mi ní kí a ká ọ̀rá kúrò kí ooru má baà se ìyókù. Àwọn bàbá fárígá. Ọkọ mi ní sùúrù títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Bí wọ́n ṣe lọ kírun, ó tú gbogbo rẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni Bàbá ò fi bá a sọ̀rọ̀, bó bá kí wọn láàárọ̀, èmi ni mo ń bá wọn dáhùn.