Fayolíìnì Tó Yadi àti Ìrẹsì Irúgbìn

Mo rántí ìgbà tí fayolíìnì mi yadi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí a ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adó-Èkìtì, èmi nìkan sì ni ọ̀gá akọrin yàn láti ta orin ìdúpẹ́ níwájú ìjọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà nígbà náà, mo sì ti ròyìn ara mi fún gbogbo ẹni tó ní etí. Àfi ìgbà tí mo fi ọ̀pá onírun rẹ̀ fa okùn fayolíìnì, tí kò dún. Ó kàn ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ni.

Mo dá ẹjọ́ kíákíá: fayolíìnì ti gbó. Ọ̀kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú wà ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ lórí ọ̀kadà láti lọ kí i bí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó. Nígbà tí ìyá mi, àgbẹ̀ onírẹsì ní Igbemo, gbọ́, ó ní: "Ọkọ mi, fọkàn balẹ̀. N ó ta ìrẹsì tí mo fi pamọ́ fún irúgbìn, kí o fi ra tuntun. Uṣẹ́ Olúwa ni."

Mo bi í pé kí ni yóò gbìn tójò bá dé. Ó ní Olúwa á pèsè. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kò tì mí tó kí n kọ̀.

Mo lọ pe ọ̀gá akọrin kó bá mi yẹ tuntun wò. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ògbólógbòó náà wá. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí imú.

"Tíṣà, ṣé o fi èyí dín àkàrà ni?"

"Rárá o, sà."

"Irun ẹṣin nìyí. Oje igi tó ti gbẹ la fi ń pa á, kó lè di okùn mú. Ta ló wá fi òróró pa á? Lọ pààrọ̀ irun rẹ̀ àti okùn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Kíá ni mo mọ ẹni tó ṣe é. Aládùúrà ni ìyá mi, kì í wọ ilé mi kó má fi òróró àdúrà pa ilẹ̀kùn, ìrọ̀rí, àti iwájú orí mi. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó ti fi pa fayolíìnì àti ọ̀pá rẹ̀ pẹ̀lú, kó má bàa dójú tì mí lọ́jọ́ ìkórè. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé àdúrà rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́?

Mo sáré lọ sí Igbemo. Àpò ìrẹsì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí oníbàárà.

"Ìyá mi, ẹ má tà á mọ́. Irun ẹṣin ló wà lára ọ̀pá yẹn. Kò fẹ́ òróró."

"Ẹṣin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Yéè! Ṣé ẹṣin ni mo wá lọ yà sí mímọ́ ní Adó!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àpò mú. Lẹ́yìn náà ló ní: "Gbé e padà sínú àká. Agbára tí o fi ń ṣe fáàrí káàkiri ìlú, fi gbé e."

Káfíńtà kan ní Ìgèdè, tó máa ń tún fayolíìnì ṣe, bá mi pààrọ̀ irun àti okùn. Lọ́jọ́ ìkórè, fayolíìnì dún. N ò ní purọ́, mo ṣì í ta níbì kan. Ìjọ ṣe Àmín sí i.

Irun tèmi náà ti ń funfun báyìí. Tí mo bá rántí ọdún yẹn, kì í ṣe orin ló ń wá sí mi lọ́kàn, bí kò ṣe bí n kò ti kọ̀ nígbà tí ìyá mi ní òun á ta irúgbìn. Ìfẹ́ ìyá kò mọ òṣùwọ̀n. Ọmọ ló yẹ kó bá a wọ̀n ọ́n.