Wọ́n ní mo jẹ iwe adìẹ tí kò ní iwe

Ẹ gbà mí o, wọ́n ti pè mí ní olè lónìí!

Mo rí adìẹ tí wọ́n fi sóyà ṣe, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Magboro. Mo fi ata àti àlùbọ́sà dín in, mo gbé e fún bàbá ọkọ mi.

Bàbá jẹ ẹ́, wọ́n lá ìka. Wọ́n wá ń fi ṣíbí tú abọ́ wò.

"Ìyàwó, iwe mi dà?"

"Kò ní iwe sà, sóyà ni."

"Sóyà wo ló ń dùn báyìí? Ìwọ lo jẹ ẹ́!"

Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ̀yin ará Ìbàfò, ta ló ní iwe nílé? Mo fẹ́ fi bẹ Bàbá fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n ò ṣẹ̀.